Robert Lawrence: Ọmọ yunifásítì tó di ọ̀gá ológun òfurufú, tí wọ́n fi orúkọ dù fún ọgbọ̀n ọdún

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejìlá, ọdún 1967 ni. Nílé wa níbí, ogun abẹ́lé ti wọ oṣù kẹfà, etí àwọn bàbá àti ìyá wa kò sì kúrò lẹ́bàá rédíò. Lọ́jọ́ náà gan-an, ní aginjù kan ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bàálù ológun kan balẹ̀ lódì, iná sì sọ lára rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ológun méjì ló wà nínú bàálù náà. Ẹni tó jókòó síwájú, tó ń kọ́ṣẹ́, fara pa yánnayànna, ṣùgbọ́n ó yè é. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn, tó ń kọ́ ọ níṣẹ́, ibẹ̀ ló gbà lọ sọ́run.

Orúkọ olùkọ́ náà ni Méjọ̀ Robert Henry Lawrence. Ẹni ọdún 32 ni. Ó níyàwó, ó sì bí ọmọkùnrin kan. Ọ̀mọ̀wé ni nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, ògbóǹtarìgì awabàálù sì ni. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà yàn pé kó lọ sí sánmà, lókè réré níbi tí bàálù lásán kì í dé. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n yàn án tí ikú fi mú un lọ.

Síbẹ̀, nígbà tí Amẹ́ríkà ń to orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ tó kú sẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn kò ka tirẹ̀ mọ́ wọn. Iléeṣẹ́ ológun tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó sì rán an níṣẹ́ tó gba ẹ̀mí rẹ̀, ló sọ pé orúkọ náà kò tọ́ sí i. Ọgbọ̀n ọdún ni ọ̀rọ̀ náà fi wà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká tó débẹ̀, ó yẹ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ bí ọmọ mẹ̀kúnnù láti Chicago ṣe di ọ̀gá ológun láìgba ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ológun kankan kọjá.

Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹwàá, ọdún 1935 ni wọ́n bí Robert Lawrence sí ìlú Chicago, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ti fi ìhà gúúsù Amẹ́ríkà sílẹ̀ wá sí ìlú ńlá yìí, kí wọ́n lè ríṣẹ́ ṣe ní àwọn iléeṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Apá kan ìlú náà ni wọ́n há wọn mọ́, nítorí àwọn aláwọ̀ funfun kì í fẹ́ yá wọn nílé ládùúgbò tiwọn. Ìgbà ọ̀wọ́n gógó ni ìgbà ọ̀hún, iṣẹ́ kò sì sí nílùú. Bàbá àti ìyá Robert kọ ara wọn sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé. Ìyá rẹ̀, Gwendolyn, fẹ́ ọkọ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Charles Duncan, àwọn méjèèjì ló sì jọ tọ́ Robert àti ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin dàgbà.

Ọmọ tí kò fẹ́ràn ariwo ni. Ohun tó fi ń ṣeré ni bàálù kékeré tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò, ayò chess, àti àwọn oògùn kẹ́mísírì tí wọ́n ń tà fún ọmọdé láti fi dán ìmọ̀ wò. Ó tètè yọrí nílé-ìwé. Ọmọ ọdún 16 péré ni nígbà tó jáde ní ilé-ìwé gíga Englewood lọ́dún 1952, ó sì wà lára àwọn tó ṣe dáadáa jù nínú kíláàsì rẹ̀. Lọ́dún kan náà ló wọ Yunifásítì Bradley, ní ìlú Peoria, ní ìpínlẹ̀ Illinois kan náà, láti kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì.

Níbẹ̀ ló ti forúkọ sílẹ̀ fún ètò tí wọ́n ń pè ní ROTC.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ètò yìí díẹ̀, nítorí kò sí irú rẹ̀ nílé wa níbí. Ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀gá ológun ní Nàìjíríà lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun, NDA, tó wà ní Kaduna láti ọdún 1964. Bó bá sì jẹ́ pé ó ti gboyè ní yunifásítì tàbí pólí, ó lè gba ọ̀nà Direct Short Service wọlé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá kẹ́kọ̀ọ́ tán ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ ológun. Ní ti ROTC, àwọn méjèèjì ń lọ pa pọ̀ ni. Ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀, tàbí kẹ́mísírì, yóò máa kọ́ iṣẹ́ ológun nínú yunifásítì kan náà, lábẹ́ àwọn ọ̀gá ológun tí ìjọba rán wá síbẹ̀ láti máa ṣe tíṣà.

Ètò náà ti pẹ́. Lọ́dún 1862, nígbà tí Amẹ́ríkà ń ja ogun abẹ́lé tiwọn, Ààrẹ Abraham Lincoln buwọ́ lu òfin kan tó fún àwọn ìpínlẹ̀ ní ilẹ̀ ìjọba, kí wọ́n fi owó rẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Òfin náà ní ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ológun gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí wọn yóò máa kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Lọ́dún 1916, nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní ń jà lọ́wọ́, wọ́n ṣe òfin mìíràn tó da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ ètò kan ṣoṣo, ìyẹn ni ROTC. Lẹ́yìn ogun Hitler, ní ọdún 1946, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti àwọn ológun òfurufú.

Báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà ayé Lawrence. Ọdún méjì àkọ́kọ́ kò le. Wákàtí mélòó kan lọ́sẹ̀ ni kádẹ́ẹ̀tì fi ń jókòó sí kíláàsì, tí yóò kọ́ nípa ìtàn ogun àti bí iṣẹ́ ológun ṣe rí. Bó bá tún yá, yóò wọ aṣọ kákí, yóò jáde sí pápá, yóò máa yan bí ọmọ ogun. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì lákòókò náà, dandan ni ọdún méjì yìí fún gbogbo ọmọkùnrin, yálà wọ́n fẹ́ tàbí wọ́n kọ̀. Ọdún méjì tó kẹ́yìn ni wọ́n fi ń ṣa ọkà kúrò lára ìyàngbò. Àwọn tó wù látọkàn wá nìkan ló ń dúró. Wọn yóò tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn yóò sin ìjọba lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ìjọba yóò sì máa fún wọn ní owó díẹ̀ lóṣooṣù. Ní ìsinmi gígùn kan, nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ti lọ sílé, àwọn yóò lọ sí bárékè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti rí bí iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an. Nínú wọn náà ni wọ́n ti ń yan ẹni tí yóò ṣe olórí àwọn yòókù, kí ó lè mọ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ àti bí wọ́n ṣe ń gba àṣẹ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gboyè, ìwé méjì ni kádẹ́ẹ̀tì ń gbà. Àkọ́kọ́ ni ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Èkejì ni ìwé tó sọ ọ́ di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun, ní ipò sẹ́kọ́ńdì lẹ́fútẹ́náǹtì, tí ọmọ ogun lásán yóò máa kí pẹ̀lú ọwọ́ ní iwájú orí.

Àwọn òbí kan lè máa rò ó pé ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún Lawrence. Ọdún 1964 ni òfin tó gbà pé kí ìjọba máa san owó ilé-ìwé fún àwọn kádẹ́ẹ̀tì ROTC ti ológun ilẹ̀ àti ti òfurufú ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó sì ti fi Bradley sílẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ ṣáájú.

Kí wá ni àǹfààní rẹ̀ fún ọmọ aláwọ̀ dúdú? Ó pọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ológun tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà ni West Point, ọmọ kò sì lè dédé wọ ibẹ̀ àyàfi bí aṣòfin tàbí ẹni ńlá kan nínú ìjọba bá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Aláwọ̀ dúdú tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin nígbà náà kò tó nǹkan. Aṣòfin Oscar De Priest, tí àwọn aláwọ̀ dúdú Chicago dìbò yàn, ló fi orúkọ Benjamin Davis kékeré sílẹ̀ tó fi ráyè wọlé lọ́dún 1932. Ọdún mẹ́rin ni ọmọkùnrin yìí lò níbẹ̀ tí àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ àyàfi tó bá jẹ́ ti iṣẹ́. Òun nìkan ló ń sùn nínú yàrá, òun nìkan ló ń dá jẹun. Ó fara dà á, ó sì jáde lọ́dún 1936, ó sì padà di ọ̀gágun nínú ológun òfurufú. Mélòó nínú wa ló lè ní irú ìfaradà bẹ́ẹ̀? Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun òfurufú fúnra wọn, kò tíì sí nígbà tí Lawrence wọ yunifásítì. Ọdún 1955 ni àwọn ọmọ àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́.

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ tó la ọ̀nà fún un. Ní oṣù Keje, ọdún 1948, Ààrẹ Harry Truman pàṣẹ pé kí wọ́n dẹ́kun yíya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun nínú iṣẹ́ ológun. Ṣáájú ìgbà náà, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ ogun dúdú sí, bárékè ọ̀tọ̀, ilé oúnjẹ ọ̀tọ̀. Ọmọ ọdún 12 ni Lawrence nígbà tí àṣẹ yẹn jáde. Nígbà tó fi máa di kádẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ológun ti wà lára àwọn ibi tí aláwọ̀ dúdú ti lè pàṣẹ fún aláwọ̀ funfun, kó sì ṣe é. Èyí ṣòro láti rí ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì àti iléeṣẹ́ lákòókò náà.

Lawrence kò fi ètò náà ṣeré. Ó wà lára àwọn kádẹ́ẹ̀tì tó ga jù lọ ní Bradley kó tó jáde. Lọ́dún 1956, ní ẹni ogún ọdún, ó gba ìwé méjèèjì, ti kẹ́mísírì àti ti ológun òfurufú.

Ìlú Malden, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ni wọ́n ti kọ́ ọ ní bàálù wíwà. Kò pẹ́ tí òun náà fi di olùkọ́. Ibi tí wọ́n wá rán an lọ ló yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí. Jámánì ni. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Hitler lọ́dún 1945, wọn kò jẹ́ kí Jámánì ní ọmọ ogun mọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n gbà pé kí apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà tún bẹ̀rẹ̀, àwọn Amẹ́ríkà ló ń kọ́ àwọn awabàálù wọn tuntun. Lawrence wà lára àwọn olùkọ́ náà ní Fürstenfeldbruck, nítòsí ìlú Munich. Ẹ wò ó bí ayé ṣe ń yí. Ilẹ̀ tí ìjọba rẹ̀ ń kéde pé aláwọ̀ dúdú kì í ṣe ènìyàn gidi, kò tíì pé ọdún 15 tí ìjọba náà ṣubú tí ọmọ aláwọ̀ dúdú láti Chicago fi jókòó sínú bàálù jẹ́ẹ̀tì tó ń sọ fún àwọn ọmọ ibẹ̀ bí wọn yóò ṣe fò.

Ó padà sílé lọ́dún 1961. Ìdí ẹ̀kọ́ ló tún padà sí, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, iléeṣẹ́ ológun ló sì rán an lọ. Ọdún 1965 ló gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú kẹ́mísírì. Ìwádìí rẹ̀ dá lórí bí àwọn gáàsì kan ṣe ń yí padà bí ìtànṣán bá kọlù wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí Kirtland, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, níbi tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ológun òfurufú ti ń ṣiṣẹ́. Kò fi bàálù wíwà sílẹ̀ ṣá o. Wákàtí tó lò lójú òfurufú lé ní 2,500, èyí tó sì lé ní 2,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti bàálù jẹ́ẹ̀tì.

Ní oṣù Kẹfà, ọdún 1967, ó parí ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tó ń dán bàálù tuntun wò, ní Edwards, California. Ní òpin oṣù náà ni iléeṣẹ́ ológun kéde pé àwọn ti yan ọkùnrin mẹ́rin kún àwọn tí yóò lọ sí sánmà, Lawrence sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Kì í ṣe àjọ NASA, tí gbogbo ayé mọ̀, ló ni ètò tí wọ́n yàn án sí. Ti iléeṣẹ́ ológun òfurufú ni, MOL ni wọ́n ń pè é. Ohun tí wọ́n sọ fún aráàlú ni pé ilé kékeré kan ni wọ́n fẹ́ gbé sí sánmà, tí ọkùnrin méjì yóò máa gbé inú rẹ̀ fún oṣù kan láti ṣe ìwádìí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé amí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀rọ ayàwòrán ńlá ló máa wà nínú ilé náà, tí wọn yóò fi máa ya àwòrán ibi tí ìjọba Soviet kó ohun ìjà sí. Ọdún 2015 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ tú púpọ̀ nínú àwọn ìwé àṣírí náà sí gbangba.

Níwájú àwọn akọ̀ròyìn, wọ́n bi Lawrence lóríṣiríṣi ìbéèrè. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ìgbà náà bi í, bóyá ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, pé ṣé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni yóò jókòó sí nígbà tí wọ́n bá ń lọ sí sánmà. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀rín. Kò tíì ju ọdún 11 lọ nígbà náà tí ilé-ẹjọ́ fi òpin sí òfin tó ní kí àwọn aláwọ̀ dúdú máa jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì ní ìlú Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Lawrence kò bínú. Ó kàn jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé yíyàn tí wọ́n yan òun kì í ṣe nǹkan bàbàrà, pé ó wà lára ìgbésẹ̀ tó yẹ kí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn máa gbé ní Amẹ́ríkà.

Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n yàn fún ètò MOL, òun nìkan ló ní oyè ọ̀mọ̀wé.

Bàálù tó pa á ni F-104. Bàálù tó ń sáré bí ọta ìbọn ni, ìyẹ́ rẹ̀ kúrú, kì í sì í gba àṣìṣe. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà ni kíkọ́ bí ọkọ̀ tó ti sánmà bọ̀ ṣe lè balẹ̀ láìlo ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í rọra sọ̀ kalẹ̀ bí èyí tí ẹ máa ń rí ní Ìkẹjà. Yóò já wálẹ̀ fìrì bí àwòdì tó rí òròmọdìyẹ. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀, awakọ̀ yóò gbé imú rẹ̀ sókè, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rọra tẹ ilẹ̀. Bó bá tètè gbé e, wàhálà ni. Bó bá pẹ́ díẹ̀, wàhálà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni.

Ó pẹ́ díẹ̀. Bàálù náà la ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, iná gba abẹ́ rẹ̀, ó sì tún ta sókè. Irú bàálù yìí ní àga tó lè ta ènìyàn jáde bí ewu bá dé. Wọ́n ti ṣètò rẹ̀ pé àga méjèèjì kò ní jáde pa pọ̀, kí ọ̀kan má baà kọlu èkejì. Àga iwájú ta ẹni tó wà nínú rẹ̀ sókè, ó sì rí ọ̀nà àbáyọ. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó wà láàrin rẹ̀ ni bàálù fi dojú ẹ̀gbẹ́ kan kọlẹ̀. Nígbà tí àga Lawrence máa jáde, ẹ̀gbẹ́ ló gbà jáde, kò gba òkè. Ojú ẹsẹ̀ ló kú.

Ọkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé bá ìyàwó rẹ̀, Barbara. Ọ̀pọ̀ jẹ́ ti ìbánikẹ́dùn. Àwọn kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ènìyàn burúkú tí inú wọn dùn pé aláwọ̀ dúdú náà kò ní lè dé sánmà mọ́.

Ní oṣù Kẹfà, ọdún 1969, ìjọba fagi lé ètò MOL nítorí owó tó ń jẹ. Àjọ NASA ní òun lè gba àwọn tó wà nínú ètò náà tí wọn kò tíì ju ẹni ọdún 35 lọ. Àwọn méje ló bọ́ sí i. Lawrence ì bá ṣì jẹ́ ẹni ọdún 33 lóṣù náà. Gbogbo àwọn méjèèje ló padà lọ sí sánmà nínú ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń pè ní Space Shuttle, ọ̀kan nínú wọn, Robert Crippen, sì wà nínú èyí tó kọ́kọ́ gbéra lọ́dún 1981. Donald Peterson, tí wọ́n yàn lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú Lawrence, lọ ní oṣù Kẹrin, ọdún 1983. Ọ̀nà tí ọkọ̀ Space Shuttle sì ń gbà balẹ̀ ni èyí tó ń já wálẹ̀ láìlo ẹ́ńjìnnì, irú èyí tí Lawrence ń kọ́ni lọ́jọ́ tó kú.

Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1983 yẹn ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Amẹ́ríkà wá dé sánmà. Guion Bluford lorúkọ rẹ̀. Òun náà gba ìwé ọ̀gá ológun òfurufú nípasẹ̀ ROTC, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania, lọ́dún 1964, òun náà sì gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì tọ̀. Ọdún 16 ló wà láàrin ìgbà tí wọ́n yan Lawrence àti ìgbà tí Bluford gbéra.

Lọ́dún 1991, wọ́n ṣí ìrántí ńlá kan ní Kennedy Space Center, ní ìpínlẹ̀ Florida. Òkúta dúdú tó ń dán bí dígí ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó kú nítorí ìrìn-àjò sánmà sára rẹ̀, débi pé bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, orúkọ náà yóò máa tàn bí ẹni pé ojú ọ̀run ló wà. Orúkọ Robert Lawrence kò sí níbẹ̀.

Àlàyé iléeṣẹ́ ológun ni pé ẹni tó bá ti fò ju máìlì 50 lọ sókè nìkan ni àwọn ń pè ní arìnrìn-àjò sánmà. Wọ́n ní Lawrence kò débẹ̀ kó tó kú, awabàálù tó ń ṣèwádìí ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Bí ẹ bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ lè sọ pé òfin ni òfin. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Theodore Freeman kú lọ́dún 1964. Elliot See àti Charles Bassett kú pa pọ̀ lọ́dún 1966. Clifton Williams kú ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1967, oṣù méjì péré ṣáájú Lawrence. Ìjàǹbá bàálù jẹ́ẹ̀tì ló pa gbogbo wọn. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dé sánmà rí. Orúkọ wọn wà lára òkúta náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé NASA ló yàn wọ́n, lọ́jọ́ tí NASA bá sì ti yan ènìyàn ló ti ń jẹ́ arìnrìn-àjò sánmà. Ológun kì í pe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, orí ọ̀rọ̀ inú ìwé ni wọ́n fi orúkọ ọkùnrin yìí dù ú sí. N kò sọ pé nítorí àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó rọrùn láti gbàgbé ẹni tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ pariwo rẹ̀ nígbà tó wà láyé.

Barbara kò gbà. Ó ti di olùkọ́ yunifásítì nígbà náà, ó sì mọ bí a ṣe ń kọ ìwé tí wọn kò lè sọ sínú apẹ̀rẹ̀. James Oberg, akọ̀ròyìn tó mọ̀ nípa ìrìn-àjò sánmà dáadáa, gbé ọ̀rọ̀ náà síta fún aráàlú. Bobby Rush, aṣòfin láti Chicago, kọ̀wé sí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Wọ́n tún yẹ ìwé yíyàn rẹ̀ wò. Ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1997, iléeṣẹ́ ológun òfurufú gbà pé arìnrìn-àjò sánmà ni Méjọ̀ Lawrence láti ọjọ́ tí wọ́n ti yàn án.

Lọ́jọ́ kẹjọ, oṣù Kejìlá, ọdún náà, tó pé ọgbọ̀n ọdún géérégé tó kú, wọ́n ṣí aṣọ lójú orúkọ rẹ̀ lára òkúta dúdú ní Florida.

Ní oṣù Kejì, ọdún 2020, ọkọ̀ kan tí kò ní ènìyàn nínú gbéra láti ìpínlẹ̀ Virginia, ó ń kó ẹrù tó lé ní kílógíráàmù 3,300 lọ fún àwọn tó ń gbé nínú ilé ìwádìí àgbáyé tó wà ní sánmà. Oúnjẹ àti ohun èlò iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì wà lára ẹrù náà. Orúkọ tí wọ́n sọ ọkọ̀ yẹn ni S.S. Robert H. Lawrence. Ọjọ́ kẹta tó gbéra ló gúnlẹ̀ láyọ̀.